Ayùn Orí Tábìlì Wa: Kí Ni Ó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Rà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ní ilé ìjẹun láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, ó sì tọ́ kí a gbé e jáde sí gbangba nínú ìwé yìí kí ó má baà di àròyé lásán. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ayùn orí tábìlì tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn kan nínú wa ń wí pé ayùn náà ti gbó, kí a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aláṣẹ kí wọn ra tuntun tí ó tóbi jù ú lọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ara ẹ̀rọ náà le. Àwọn ohun tí ó yí i ká ni kò dára. Gáìdì rẹ̀ ń mì, ojú ayùn rẹ̀ ti kú, a kò sì ní ohunkóhun tí ń di igi mú ṣinṣin nígbà tí a bá ń gé e ní ìdábùú. Bí a bá ra ẹ̀rọ tuntun tí a sì fi irú gáìdì bẹ́ẹ̀ sí i, igi wíwọ́ ni yóò máa gé. Yóò kàn máa yára gé e ni.

Ní sáà tí ó kọjá a kan àga mẹ́fà fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí a ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Mẹ́rin nínú wọn ń mì. Ọmọ kékeré kan ká páálí sí abẹ́ ẹsẹ̀ àga tirẹ̀, ó sì bi ọ̀kan nínú wa léèrè pé, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin ni ẹ kàn án?” A dáhùn pé àwa ni. Ọjọ́ náà gan-an ni a ń kọ́ wọn bí a ti ń fi rúlà fa ìlà tí ó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ohun tí a fi ń ti igi bá fi ìdajì dígírì kan péré yà, lórí pákó tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò ju mìlímítà 2½ lọ. Ẹni tí ó ń kan férémù àwòrán ń gé ojú mẹ́jọ ní dígírì 45. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi ìdajì dígírì yà sí ọ̀nà kan náà, dígírì mẹ́rin ni yóò ti kó jọ nígbà tí a bá dé igun ìkẹyìn. Kò sí gọ́ọ̀mù tí ó lè pa irú àlàfo bẹ́ẹ̀ mọ́.

A mọ ohun tí ẹ óò fi dá wa lóhùn. Ẹ óò ní kí a sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Padre lọ sí ìhà Bẹẹrẹ, kí a wo àwọn àgbà káfíńtà tí ń lo ayùn tí wẹ́dà fi irin jó pọ̀, tí wọ́n fi ojú lásán tẹ̀lé ìlà tí igi wọn sì tọ́. Òtítọ́ ni, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni ojú náà fi kọ́ṣẹ́? Nígbà tí Fada Kevin Carroll, ará ẹgbẹ́ S.M.A., ń ṣe ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ọmọ iṣẹ́ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, jẹ́ lábẹ́ Bándélé níbẹ̀, kí òun pẹ̀lú tó di ọ̀gá tí gbogbo ayé mọ̀. Àwa kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún wa, lẹ́yìn náà a ó lọ di olùkọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tí ì gbọ́n, ohun tí yóò bá a di igi mú ni ó yẹ kí ó wá.

Nítorí náà, bí owó díẹ̀ bá wà, kí a fi ra ojú ayùn. Ọ̀kan ṣoṣo tí a ní ni a fi ń la igi tí a sì fi ń gé e ní ìdábùú, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì kò jọra. Èyí tí ó ní eyín bíi 24 ni ó dára fún lílà, nítorí àlàfo eyín rẹ̀ ń kó ìyẹ̀ igi jáde. Èyí tí eyín rẹ̀ tó 60 ni kì í ya etí pákó nígbà tí a bá ń dábùú rẹ̀. Kí eyín wọn jẹ́ ti kábáìdì pẹ̀lú. Arère rọ̀, ó ń darí ji ayùn. Ṣùgbọ́n ìrókò a máa ní òkúta funfun líle nínú ara rẹ̀ nígbà mìíràn, irin lásán kì í sì í pẹ́ kú lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a tún ìdúró ojú ayùn ṣe, kò sì ní ná wa ní kọ́bọ̀. Kí a yọ iná kúrò lára ẹ̀rọ ná. Kí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, kí a wọn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀nà gbọọrọ tí a là sórí tábìlì nígbà tí eyín náà wà níwájú, kí a yí i dé ẹ̀yìn, kí a tún wọ̀n ọ́n. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, ojú ayùn kò bá tábìlì mu, gbogbo gáìdì tí a bá sì rà, asán ni. Ìgbà tí èyí bá tọ́ ni a ó tó mú gáìdì wá bá ọ̀nà náà mu.

Ohun kẹta ni ó dùn mọ́ wa jù, nítorí pé ọwọ́ ara wa ni a ó fi ṣe é: àtẹ tí ń yọ̀ lórí tábìlì, tí a ó máa gbé igi lé tí a bá ń gé e ní ìdábùú. Pákó pílíwúùdù kan ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, igi líle méjì tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ tí ń rìn nínú ọ̀nà gbọọrọ náà, àti ògiri méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó tọ́? A ó mú pákó pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin. A ó gé etí rẹ̀ kan. A ó yí i kí etí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè fara ti ògiri, a ó gé èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé ẹ̀kẹrin. Ní ìgbà karùn-ún, etí tí a kọ́kọ́ gé ni a ó tún gé, ṣùgbọ́n a ó jẹ́ kí èyí tí yóò bọ́ sílẹ̀ fẹ̀ tó ìka kan. A ó wá wọn orí àti ìdí rẹ̀. Bí orí bá fi mìlímítà 2 ju ìdí lọ, àṣìṣe ìgbà mẹ́rin ni ó kó jọ síbẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ìdajì mìlímítà. A ó tú síkúrù kan, a ó ti ògiri díẹ̀, a ó tún dán an wò. (Ẹnì kan nínú wa tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ìṣirò ni ó fẹ́ràn èyí jù lọ.)

Àwọn tí ń fẹ́ ẹ̀rọ tuntun ń sọ nípa ìka ọwọ́, a kò sì lè fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, Steve Gass ṣe ìdáṣẹ́sílẹ̀ kan ní 1999 tí ń dá ojú ayùn dúró láàrin nǹkan bí ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá bí ó bá ti kan ara ènìyàn. Ohun ìyanu ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ń fa ewu fún wa lójoojúmọ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: gáìdì tí ó wọ́ ń fún igi mọ́ ẹ̀yìn ojú ayùn, ayùn a sì gbé igi náà jù padà sí àyà ẹni tí ń tì í. Irin pẹlẹbẹ tí ó yẹ kí ó dúró lẹ́yìn ojú ayùn kí igi má baà pa mọ́ ọn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kí àwa tó dé, ó wà nínú àpótí ìṣó. Kí a dá a padà. Kí a sì gbẹ́ ọ̀pá ìtigi méjì, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ eyín náà mọ́.

Pílíwúùdù tí yóò tó fún àtẹ náà wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, níbi tí òjò ti fẹ́ bà á jẹ́. A ń bẹ Olùkọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó jọ̀wọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún wa ní ọ̀sán Sátidé. Àga mẹ́rin náà ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe.