Ẹ Má Gba Omi Lọ́wọ́ Àgbà Nítorí Ìtọ̀ Òru

Nọ́ọ̀sì yín ni o.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí màmá kan nílé. Ahọ́n wọn gbẹ, òòyì ń kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara. Ọmọ wọn ní, "Nọ́ọ̀sì, a kì í fún wọn lómi mọ́ láti aago méjì ọ̀sán, torí wọ́n ń tọ̀ jù lóru." Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọsibítù la gbé màmá lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lójúmọ́ kan, kíndìnrín wa máa ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 omi láti inú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, bíi lítà kan sí méjì péré là ń tọ̀. Ibo ni ìyókù ń gbà padà sára? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín. Purotéènì ni wọ́n, aquaporin ni wọ́n ń pè wọ́n. Lọ́dún 2003, wọ́n fún Peter Agre ará Amẹ́ríkà ní ẹ̀bùn Nobel nítorí pé ó ṣàwárí wọn.

Àwọn kan nínú ilẹ̀kùn yìí wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo. Àwọn mìíràn ń dúró de àṣẹ. Họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ vasopressin ni àṣẹ náà, ọpọlọ ló ń rán an. Bó bá dé, omi á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ á sì dín kù. Lára ọ̀dọ́, àṣẹ yìí máa ń pọ̀ sí i lóru, ni wọ́n fi ń sùn mọ́jú. Bí a ṣe ń dàgbà, àṣẹ òru lè dín kù, kíndìnrín náà kì í sì í gbọ́ ọ dáadáa mọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe dandan pé àgbà tó ń tọ̀ lóru mu omi jù. Omi ara rẹ̀ ló ń bọ́ lọ. Bí amù bá ń jò, ṣé a ó ní ká má pọnmi sí i mọ́ ni?

Kí la wá fẹ́ ṣe? Ẹ máa fún wọn lómi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kí wọ́n tó bèèrè, torí òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà. Bó bá ku bíi wákàtí méjì kí wọ́n sùn, kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì yẹra fún ọtí àti tíì. Ẹ gbé póò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ẹ tan iná sílẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú. Bí wọ́n bá ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, ẹ béèrè àsìkò tó yẹ lọ́wọ́ dókítà, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò, kí àwọn bàbá yẹ prostate wò, torí kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń fa ìtọ̀ òru. Ẹni tí dókítà bá ti díwọ̀n omi fún nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó tẹ̀ lé ti dókítà.

A máa ń sọ pé omi ò lọ́tàá. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀tá àwọn òbí wa.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ire o.