Ìkàsẹ́yìn Tàbí Ìyókù: Orúkọ Tí Ó Yẹ Aago Inú Kọ̀ǹpútà

Lára àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a máa ń gbé fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni aago kékeré kan tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye àkókò tí a bá fún un, tí ó sì ń dín kù títí yóò fi kan òdo. Iṣẹ́ náà kò tóbi: fèrèsé kan lójú kọ̀ǹpútà, àyè tí a ó kọ iye ìṣẹ́jú sí, àti bọ́tìnnì mẹ́ta fún ìbẹ̀rẹ̀, ìdádúró àti àtúnbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó kéré tó, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò kọ́kọ́ bá ìṣòro orúkọ pàdé. Kí ni kí ó pe aago náà?

Àwọn kan yóò ní kí a pè é ní táímà, kí ọ̀rọ̀ tán. Àyálò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bọ́tìnnì àti kọ̀ǹpútà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n táímà kò sọ bóyá àkókò tí ó ti kọjá ni aago náà ń kà tàbí èyí tí ó kù. Àwọn mìíràn yóò tú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì ní aago ìkàsẹ́yìn. Orúkọ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ilé ni à á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á wo iṣẹ́ tí aago náà ń ṣe ní ti gidi.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkàsẹ́yìn yóò rò pé kí òun ṣáà máa yọ oókan kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni: 300, 299, 298. Nínú Tkinter, irinṣẹ́ tí ó bá èdè Python wá fún ètò onífèrèsé, àṣẹ kan wà tí a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó padà wá sídìí iṣẹ́ lẹ́yìn iye àkókò kan. Kò ní dé ṣáájú àkókò náà, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ bí iṣẹ́ mìíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, aago ìṣẹ́jú 5 yóò fi ìṣẹ́jú àáyá 3 pẹ́ kí ó tó dún. Aago wákàtí kan yóò fi 36 pẹ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ètò náà kọ àkókò òpin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa yọ àkókò ìsinsìnyí kúrò nínú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá padà wá. Èyí tí ó bá kù ni yóò fi hàn. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì ìdádúró, iye tí ó kù ni yóò fi pamọ́. Bí a bá sì tún bẹ̀rẹ̀, yóò fi iye náà kún àkókò ìsinsìnyí láti mọ òpin tuntun.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àrùndínlógún kì í ṣe ẹ̀wá àti àrún; ogún ni a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí á tó sọ iye tí ó dín nínú rẹ̀. Bákan náà ni aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún: òpin ni a kọ́kọ́ dárúkọ. Nítorí náà, aago akàyókù, èyíinì ni aago tí ń ka ìyókù, ni ó yẹ ohun èlò yìí. Kí á sì fi àṣẹ́kù sílẹ̀ fún ìṣirò pínpín: bí a bá fi 60 pín ìṣẹ́jú àáyá 125, ìṣẹ́jú 2 ni, àṣẹ́kù rẹ̀ sì jẹ́ 5. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú ètò kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ibì kan wà, ṣùgbọ́n, tí olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Ìjẹ̀bú-Òde bá fẹ́ kí aago rẹ̀ máa ka iye ọjọ́ dípò ìṣẹ́jú, Ojúde Ọba ni yóò ṣáà kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ọjọ́ kẹta Iléyá ni a sì ń ṣe é. Ní ọdún 2025, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8. Yorùbá ka ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn: Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Ìdí kan náà ni ọjà ọrọọrún fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ ọjọ́ 4 ni ó wà láàrin ọjọ́ ọjà kan àti èkejì. Ìyọkúrò ni ti kọ̀ǹpútà: 8 dín 6, ó ku 2. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi 3 kún 6 yóò gbé àjọ̀dún náà sí ọjọ́ Ajé. Aago rẹ̀ yóò máa wí pé ó ku ọjọ́ kan nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti gba gbàgede kan. Ìkà Yorùbá kò ní àbùkù. Orúkọ ni kò tíì yà á sọ́tọ̀. Ìkà àkàmọ́ lè jẹ́ èyí tí ó ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí ìkà àárín sì jẹ́ ti kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì fi ìlànà lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tí ó kù fún àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ ni kí wọ́n má ṣe gba èdè-ìperí kan wọlé nítorí pé ó bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n ní kí ó fi kọ ètò rẹ̀; bí aago náà bá dún lákòókò, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé.