Wọ́n Gbé Ojú Píjò Lọ, Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, níbi àfihàn ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Paris, ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n sọ ní e-Legend. Wọ́n ní àádọ́ta ọdún Píjò 504 ni àwọn fi ń ṣe ìrántí, àti pé bí 504 yóò ti rí ní ayé ọkọ̀ tí ń fi iná mọ̀nàmọ́ná rìn nìyẹn. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ yìn ín, wọ́n yìn ín kọjá ààlà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ máa ṣe é tà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe é tà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé àdánù ńlá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọ 504 rárá, bí a bá sì ń bá àwọn Faransé dárò rẹ̀, ẹkún ẹlẹ́kún ni a ń bá wọn sun.

Kì í ṣe 504 tí a mọ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó ya àwòrán e-Legend. Èyí tí wọ́n wò ni ẹ̀yà onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ń pè ní Coupé, tí ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ya àwòrán rẹ̀, tí ó sì jáde ní ọdún 1969, ọdún kan lẹ́yìn 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ọkọ̀ tó rẹwà ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó sì lágbára: nígbà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà sínú rẹ̀, òun ni ó gba ipò kìíní nínú eré-ìje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 1978. Ọkọ̀ alágbára ni, ọkọ̀ ọlọ́lá, ọkọ̀ ẹni tí kò ní ẹrù lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ tí wọ́n ṣe kò tó 30,000, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo 504 tí ó jáde lápapọ̀ ju 3,000,000 lọ. Ní gbogbo Rẹ́mọ, èmi kò rí ẹyọ kan rí. Bí àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ fi ẹ̀yà tí kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ojú fún gbogbo ìdílé, ẹ̀tọ́ wọn ni. Tiwa ni láti sọ pé ìdílé náà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kàdúná ni wọ́n ti ń to 504 tiwa láti ọdún 1975. Sàlúùnù rẹ̀ ni ti àwọn ọ̀gá ìjọba. Bí ọmọ ẹni bá dé ipò kan ní Sẹkitéríàtì, àwọn ará ilé a máa retí Píjò kí wọ́n tó retí ìyàwó. Ṣùgbọ́n stéṣọ̀n wágọ̀n ni ti gbogbo ayé. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta, gíà rẹ̀ sì wà lọ́rùn síárìn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni méjì a máa há mọ́ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ níwájú bí ọ̀nà bá dá, tí ọlọ́pàá kò sì sí nítòsí. Nígbà tí mo ń kàwé ní Ìbàdàn, òun ni mo máa ń wọ̀ ní gáréèjì ní Ṣàgámù. Ìyá oníṣòwò obì tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ sí òrùlé ọkọ̀, olùkọ́ tí ń lọ wá owó oṣù rẹ̀, àfáà, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, gbogbo wa ni a jọ ń fi orúnkún gbá ara wa. Ẹni tí kò mọ ara wọn rí yóò bẹ̀rẹ̀ ìjiyàn òṣèlú ní Ògèrè, wọn kò ní parí rẹ̀ títí a ó fi wọ Ìbàdàn. Mo mọ ohun púpọ̀ nípa ilẹ̀ yìí láti inú ọkọ̀ náà tí n kò rí kà nínú ìwé.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi oyin ra ìrántí lára. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, àwọn awakọ̀ Píjò wà lára àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹkún. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó wọlé sínú rẹ̀ kò ṣe àṣejù.

Kí ni ó wá mú ọkọ̀ yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Ara rẹ̀ ga nílẹ̀, kòtò kò bà á lẹ́rù. Sipirin mẹ́rin ni ó wà lẹ́yìn stéṣọ̀n wágọ̀n nìkan, kí ó lè gbé ẹrù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní àṣírí. Bí ó bá ń wúkọ́, mẹkáníìkì yóò tú kábúrétọ̀, yóò fi epo fọ̀ ọ́, yóò fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ṣàgámù, mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí kò lè ka lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ kọ sí i, tí ó tú ẹ́ńjìnnì 504 kalẹ̀ sórí àpò, tí ó sì tò ó padà kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ jókòó lórí táyà, kò dìde. Etí ni ó fi ń ṣọ́ ọ. Bí ohun irin kan kò bá dún bí ó ti yẹ, yóò pe orúkọ nọ́ọ̀tì tí kò le dáadáa. Ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ni ìyẹn, kò sí ìwé ẹ̀rí tí a lè fún un tí yóò tó o. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, wọn kò ṣe sàlúùnù náà mọ́ lẹ́yìn ọdún 1983. Kàdúná ṣì ń tò ó lẹ́yìn ọdún 2000. Wọ́n wá fi Legend kún orúkọ ọmọ tuntun, ìyẹn ni pé ẹni tí ìròyìn rẹ̀ kò ní parẹ́. Ta ni ó ń ròyìn rẹ̀? Ọwọ́ dúdú tí epo ẹ́ńjìnnì rin ni ó sọ ọ́ di ẹni àròyìn. Kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ní Paris.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n gbé sínú ọmọ náà. Agbára ẹṣin 456. Láti ìdúró dé ìsáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ojú amóhùnmáwòrán tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 49 níwájú àwọn tí ó jókòó. Ọkọ̀ náà sì lè wa ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ sùn. Awakọ̀, ẹni tí ó jẹ́ ọkàn 504 nílẹ̀ wa, ẹni tí a ń bẹ, tí a ń bú, tí a sì ń fi ẹ̀mí wa sí lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí a lè ṣe aláìní. Bátìrì rẹ̀ ń gba yúnìtì iná 100, irú yúnìtì tí à ń rà sínú mítà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n wà ní ìpele Band A láti ₦68 dé ₦225 lórí yúnìtì kan. Ní iye yẹn, ₦22,500 ni yóò kún bátìrì náà, wọ́n sì ní yóò rin 600 kìlómítà. Owó náà kò burú, mo gbà. Epo kò lè bá a dù ú. Ibi tí a ó ti rí iná náà ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 2024 nìkan, ìkànnì iná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ẹni tí kò sí ní Band A, tí ó bá ní òun yóò fi jẹnẹrétọ̀ kékeré oníwáàtì 650 kún bátìrì yẹn, yóò jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́fà àti wákàtí mẹ́wàá. Ìsìnkú ti parí kí ó tó gbéra.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nínú àṣà wa, ẹ̀kú egúngún a máa gbó; ìdílé a máa fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí aṣọ àkọ́kọ́ yóò fi sọnù sábẹ́. Aṣọ ń yí, ẹni tí à ń bọ kò yí. Òdìkejì èyí ni wọ́n ń ṣe lókè òkun báyìí. Wọ́n gbé aṣọ àtijọ́, wọ́n fi bo àlejò. Kì í sì í ṣe Peugeot nìkan. Ní Amẹ́ríkà, Dodge dáwọ́ ṣíṣe Charger onísílíńdà mẹ́jọ dúró ní òpin ọdún 2023, ọkọ̀ alágbára tí ariwo rẹ̀ ń jí àdúgbò. Ní ọdún 2024 wọ́n fi Charger oníná mọ̀nàmọ́ná rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé iná kì í pariwo, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan sí i lábẹ́ tí yóò máa hó bí ẹ́ńjìnnì. Kò sí èéfín, ṣùgbọ́n wọ́n ra ikọ́ fún un! Volkswagen náà sọ ọkọ̀ tí a fi ṣe danfo ní Èkó di ID. Buzz ní ọdún 2022. Ìyẹn sàn díẹ̀ lójú mi, nítorí ó ṣì ń kó ènìyàn. Ṣùgbọ́n danfo tí ó jẹ́ pé ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó lè rà á, danfo wo nìyẹn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀tá ìlọsíwájú ni mí, pé epo ni mo fẹ́ kí a máa rà títí. Rárá o. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí kò tó ₦200 lítà kan ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣe òwò ọkọ̀ kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ó mọ̀ pé bí owó ọkọ̀ bá wọ́n, oúnjẹ ni ó wọ́n. Ẹni tí ó bá rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì Ṣàgámù lónìí, tí ó sì ní òun kò fẹ́ ọkọ̀ oníná, onítọ̀hún kò fẹ́ràn ará ìlú.

Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa wo Paris lójú. Ní Maiduguri, Mustapha Gajibo ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké, ó ń fi mọ́tò oníná àti bátìrì sí i, àwọn ènìyàn sì ń wọ̀ wọ́n lọ sí ọjà. Ní Nàìróbì, ilé-iṣẹ́ Opibus tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2017 ṣe bẹ́ẹ̀ fún Land Cruiser àtijọ́. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka gbé ọkọ̀ oníná jáde ní ọdún 2019. Kò sí èyí tí ó dára tó e-Legend lójú. Ṣùgbọ́n èwo ni ó sún mọ́ 504 jù? Èmi kò rí ìdí tí a fi ní láti ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣàgámù fúnra rẹ̀, ìlú mẹ́tàlá ni ó kóra jọ ní ọdún 1872 nítorí ogun; Òfin kò gbàgbé orúkọ rẹ̀, Mákún kò gbàgbé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn sì wà lábẹ́ Akárìgbò títí di òní. A mọ bí a ṣe ń fi ohun àtijọ́ tò ohun tuntun kí ó tó di pé Peugeot dé.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ 504 oníná tí Rẹ́mọ nílò. Bátìrì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju yúnìtì 30 lọ. Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́ kò tó 20 kìlómítà, Ìlíṣàn àti Ìpẹru kò sì jìnnà síbẹ̀. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ yóò gbé e lọ, yóò gbé e bọ̀, ju ìgbà mẹ́ta lọ lójúmọ́. Kí bátìrì náà pín sí abala abala, kí ó ṣeé fi sípánà tú, kí a lè pààrọ̀ abala tí ó bàjẹ́ láìju gbogbo rẹ̀ nù. Kí gáréèjì ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tirẹ̀. Kí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta. Àwọn rẹwáyà tí ń tún ínfátà ṣe ní àdúgbò wa ti mọ bátìrì lítíọ́ọ̀mù dáadáa. Ẹni tí ó bá kó wọn pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, tí ó sì fún wọn ní òkú stéṣọ̀n wágọ̀n kan lára àwọn tí koríko ti bò, yóò rí ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn sì kọ ọ́ sínú òfin pé tòkunbọ̀ oníná èyíkéyìí tí a kò bá lè ṣí bátìrì rẹ̀ kò ní gba nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n bá fẹ́ rà fún àwọn kọmíṣọ́nnà.