Ọjọ́ Gbogbo ni ti Olè: Ọ̀rọ̀ lórí Àìsàn Ọkọ̀ tí ó ń Wá tí ó sì ń Lọ

Àìsàn tí ó dá ènìyàn dùbúlẹ̀ kò ṣòro í mọ̀ tó èyí tí ó ń wá tí ó sì ń lọ. Ẹni tí ara ń ro ní òru, tí ara rẹ̀ sì yá gágá nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, oníṣègùn náà kò ní rí nǹkan kan dì mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn jíìpù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kú lójijì lójú ọ̀nà, tí ó sì tún ń jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ní Jos àti agbègbè rẹ̀, irú àìsàn yìí ti jẹ owó ọ̀pọ̀ onímọ́tò run, ó sì ti ba àárín onímọ́tò àti mẹkáníìkì jẹ́.

Kì í ṣe òní ni jíìpù di ọ̀rẹ́ ilẹ̀ Plateau. Ní ọdún 1948 ni a kọ́kọ́ fi Land Rover han gbogbo ayé ní ìlú Amsterdam. Land Cruiser ti Toyota sì tẹ̀lé e ní 1951. Ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn pàápàá tó Land Rover jọ ní ẹ̀wádún 1980. Ilẹ̀ tí a ti ń wa tánńganran ní Bukuru àti Barkin Ladi, tí ó kún fún kòtò, gegele àti òkúta, kò gba ọkọ̀ ẹlẹgẹ́. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ọmọ Yorùbá yòókù tí òwò gbé dé Jos mọ èyí dájú, nítorí ẹni tí yóò kó pòtétò láti Bokkos tàbí tí yóò ná ọjà Mangu àti Pankshin nígbà òjò gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tí ó lè fara da ọ̀nà.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe máa ń rí. Oníṣòwò kan á gbéra láti Akwanga ní ọ̀sán gangan, ẹrù á kún inú jíìpù rẹ̀, á sì kọjú sí òkè Hawan Kibo. Ibi tí ó ti ń fi jíà kejì gun òkè náà ni ẹ́ńjìnì á ti dákẹ́. Á sọ̀kalẹ̀, á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á sì dáhùn. Ní ọjọ́ kejì á gbé e tọ mẹkáníìkì lọ. “Bàbá, kí ni ó ń ṣe é?” “Ó máa ń kú ni.” “Kò mà kú báyìí o.” Nítorí pé olówó ọkọ̀ ń kánjú, tí mẹkáníìkì kò sì fẹ́ kí a sọ pé òun kò mọ iṣẹ́, wọ́n á pàrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á pàrọ̀ póńpù epo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ́ìlì. Owó ń lọ, àìsàn kò lọ. Nígbẹ̀yìn, ẹnì kan á ní olè ni mẹkáníìkì náà, ẹlòmíràn á ní ọwọ́ aráyé wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àṣìṣe tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àìmọ iṣẹ́ nìkan. Àìsí ẹ̀rí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kú. Olówó ọkọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ní àìsàn tí ó ń wá tí ó ń lọ, ìdajì àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó mú sípánà dání.

Ó yẹ kí ẹni tí ń gbé Jos kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí òun wà. Ìlú náà ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Ní ibi gíga bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ ju ti Èkó lọ ní bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, omi sì ń hó kí ó tó gbóná dé ibi tí í gbóná dé ní Èkó. Bí omi ṣe ń yára hó, bẹ́ẹ̀ náà ni epo pẹtiróòlù ṣe ń yára di oru. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná janjan lórí òkè, epo inú páìpù tí ó sún mọ́ sàlẹ́ńsà lè di oru, póńpù kò sì ní lè ti oru náà lọ bí ó ti ń ti epo lọ. Ẹ́ńjìnì á kú. Bí ó bá tutù, oru náà á tún padà di epo, ọkọ̀ á sì jí. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, iṣẹ́ ooru àti gíga ilẹ̀ ni. Bákan náà, kábúrétọ̀ tí a tò sí afẹ́fẹ́ Èkó á máa mu epo ní àmujù ní Jos, púlọ́ọ̀gì á sì dúdú. Èyí tí a tò sí afẹ́fẹ́ Jos sì lè máa gbóná jù bí a bá gbé e lọ sílé ní ìgbà Kérésì. Ọkọ̀ pàápàá ń mọ ìyàtọ̀ ilé àti ìdálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ikú ẹ́ńjìnì ni ti oru epo, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí ti wúlò. Bí ẹ́ńjìnì bá ń wúkọ́, tí agbára rẹ̀ ń dín díẹ̀díẹ̀ kí ó tó kú, epo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí a pa iná, a jẹ́ pé iná ni ó yẹ kí a wò: wáyà, bátìrì, kọ́ìlì. Kọ́ìlì tí ó ti gbó lè ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ó tutù, kí ó sì kọ iṣẹ́ nígbà tí ó bá gbóná. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣì í mú fún ọ̀ràn epo. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò ni ọkọ̀ ń kú, ó ṣeé ṣe kí wáyà kan ti dẹ̀ níbi tí a dè é mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ òjò tàbí ìgbà tí a bá la odò kọjá ni, omi ni ó ń wọ ibi tí iná ń gbà. Bí ó bá sì jẹ́ lẹ́yìn ìrìn jíjìn, kí a rọra ṣí ìdérí tánkì: bí afẹ́fẹ́ bá fà wọlé fíì, tí ọkọ̀ sì jí lójú ẹsẹ̀, eruku ọyẹ́ ti dí ihò kékeré tí ìdérí náà fi ń mí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà kí ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó wo ìdérí tánkì pẹ̀lú. Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ tánkì náà kò gbẹ́yìn, pàápàá bí a bá ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì ní àkókò ọ̀wọ́n epo. Á dí ẹnu páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń fa epo. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, á padà sílẹ̀, á sì dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ òde òní kò ní kábúrétọ̀ mọ́, pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe ìwọ̀n epo rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí í ka ohun tí ó ń ṣe é. Òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà náà ń mọ̀ pé ilẹ̀ ga, ó sì ń dín epo kù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà ṣì ń dẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí ṣì lè dákẹ́ nígbà tí ó bá gbóná, ohun tí ẹ̀rọ náà sì kà jáde kàn ń tọ́ka sí àdúgbò ni, kò tọ́ka sí ilé. Bí a bá kàn ń pàrọ̀ ohun tí ó dárúkọ, àṣà àtijọ́ náà ni a ń dá, owó rẹ̀ ni ó kàn pọ̀ sí i.

Kí olówó ọkọ̀ ra ìwé kékeré kan, kí ó fi í sínú ọkọ̀. Nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, kí ó kọ wákàtí tí ó jẹ́, bí ọ̀nà ṣe rí, bí epo tánkì ṣe pọ̀ tó, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá ó wúkọ́ kí ó tó kú, àti iye ìṣẹ́jú tí ó fi sinmi kí ó tó jí. Bí ó bá ti kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀nà tí àìsàn náà ń gbà wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Kí ó sì gbà kí mẹkáníìkì bá òun gun òkè náà, kí ó san owó ọjọ́ náà fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á san owó póńpù tí kò bàjẹ́ láìjanpata, ṣùgbọ́n wọn kò ní san owó fún ọ̀sán kan tí a fi wá ìdí ọ̀ràn. Ẹni tí kò bá san owó ìwádìí, owó àfọ̀njú ni yóò máa san. Ní ti mẹkáníìkì, ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa pàrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dá ògbólógbòó rẹ̀ padà fún olówó rẹ̀. Bí ó bá pàrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀ tí ọkọ̀ sì dára, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí ó wò ó sàn, ọmọ iṣẹ́ tí ń wo ọwọ́ rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan kọ́.

Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ jẹun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sùúrù. Bí ọkọ̀ bá jókòó fún ọjọ́ kan, ebi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣírò iye tí ó ti ná lórí ohun tí kò bàjẹ́, kí ó fi wé owó ọjọ́ kan.

Ju owó lọ, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kú nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, agbára tí ó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ á tán lẹ́yìn ìtẹ̀ díẹ̀, sìtíárì pàápàá lè le koko lọ́wọ́ awakọ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án 2001 àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ dá òun dúró sí aginjù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó wá mọ̀ pé jíìpù òun ń kú lójú ọ̀nà, tí ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, tí ó sì tà á fún ẹlòmíràn láìsọ fún un, ewu ni ó tà.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àìsàn ọkọ̀ tí ó ń wá tí ó ń lọ, olè ni. Kì í jí nǹkan níbi tí a bá ti ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè ṣàì hàn nílẹ̀. Olówó ọkọ̀ tí ó bá ń kọ ojú ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ ni yóò mú un.