Kí ẹ tó ra ilẹ̀ nínú igbó ọba, ẹ kọ́kọ́ lọ wo igbó náà

Àwọn tó béèrè nípa kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, ẹ má bínú, mo máa dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí pé èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀.

Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, bàbá àgbẹ̀ kan dìde nípàdé, wọ́n ní kòkó àwọn ò so dáadáa mọ́, kí ló dé? Mo fi ẹnu Poly dáhùn: ilẹ̀ ti ṣá, igi ti darúgbó, kò sí ibi tí kòkó fẹ́ràn tó ilẹ̀ igbó tuntun. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá fi ọ̀rọ̀ mi sọ́kàn. Wọ́n kó owó àjọ, wọ́n lọ ra ilẹ̀ nínú Igbó Ọba Omo lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ló ni ín. Wọ́n gé igbó, wọ́n jó o, wọ́n gbin kòkó sí i. Kòkó yẹn ti ń so báyìí, ìjọba sì ti ní kí àwọn tó ń dáko níbẹ̀ múra àtikúrò. Bàbá mú ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀ wá fún mi wò. Ìbuwọ́lù wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè ta ilẹ̀ ìjọba?

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yẹn nípàdé, mi ò tíì wọ inú igbó kìjikìji rí láyé mi. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti bí mi. Torí náà, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ tó kọjá, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn fọ́rẹ́sítì, èmi àti àgbẹ̀ márùn-ún sì lọ. Bàbá wà lára wa.

Tí ẹ bá ń ti Ṣàgámù lọ sí Ore, ẹ máa dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní J4. Ibẹ̀ la ti yà, tí a gun ọ̀kadà wọlé. Kì í ṣe igbó lẹ máa kọ́kọ́ rí o. Gmelina ni, ní ìlà-ìlà, tí ìjọba gbìn nítorí ilé iṣẹ́ pépà Ìwópìn. Lẹ́yìn náà, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ọ̀gá àgíríìkì, ṣé igbó ọba náà rèé? Oko ni mò ń wò o." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún 1925 ni wọ́n ti ya igbó yìí sọ́tọ̀, hẹ́kítà 130,500 ló sì wà nínú ìwé. Ohun tó ṣẹ́kù tó ṣì jẹ́ igbó ògidì kò tó ìyẹn rárá. Apá kan wà tó jẹ́ hẹ́kítà 460, láti ọdún 1946 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. UNESCO náà ti kọ orúkọ Omo sílẹ̀ lọ́dún 1977.

Nígbà tí a wá wọ inú igbó gan-an, ara wa balẹ̀. Ọyẹ́ ń jà níta, ètè gbogbo wa ti bó, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa lọ ní ká bẹ̀rẹ̀, ká fi ọwọ́ wa hú ilẹ̀. Ewé gbígbẹ ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, ewé tútù tó ti ń jẹrà, tí nǹkan funfun bí òwú ta káàkiri ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ dúdú, kò nípọn ju ìka méjì lọ. Lábẹ́ ilẹ̀ dúdú yẹn ńkọ́? Ilẹ̀ pupa ni, bíi ti oko wa nílé! A wo ara wa lójú. Ọrá tí à ń sọ pé ó wà nínú ilẹ̀ igbó, òkè ló ti ń já bọ́ lójoojúmọ́. Ewé ń já, ó ń jẹrà, gbòǹgbò ń fà á padà sókè. Tí ẹ bá gé igi, tí ẹ dáná sun ún, eérú á bọ́ kòkó yín fún ọdún díẹ̀, ó tán. Ẹ ó tún máa wá igbó mìíràn.

Ẹ wo èyí náà. Kòkòrò tó ń gbé àtíkè òdòdó kòkó kiri kéré ju yànmùyánmú lọ. Inú ewé jíjẹrà tó tutù ló ń pamọ sí. Àwa wá ń gbá abẹ́ kòkó wa mọ́ fínífíní bí àgbàlá ọba, ká tó máa pariwo pé òdòdó ń gbọn dànù!

A ò rí erin o, kí n má parọ́. Ipasẹ̀ rẹ̀ la rí létí odò, àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí èso igi kún inú rẹ̀. Bàbá dúró síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n wo igi arère kan láti ìdí dé òkè, wọ́n ní, "Irú èyí tí mo gé kò lóǹkà." Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ṣé àwọn agégẹdú ò sí níbẹ̀ ni, tó fi jẹ́ àgbẹ̀ nìkan lẹ rí bá wí? Wọ́n wà níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n mú àwọn náà, kí wọ́n sì mú àwọn tó ń ta ilẹ̀ ìjọba pàápàá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé kòkó yín, ẹjọ́ agégẹdú ò ní dá a padà. Òfin tí àwọn ará Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 tún wà ńlẹ̀: wọn ò ní ra kòkó oko tí wọ́n gé igbó fún lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020, tàbí èyí tó lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà máa mú iṣẹ́ ṣe síwájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti 2020 yẹn, wọn ò sún un.

Oko àtijọ́ yín ni kí ẹ padà sí. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ayùn gé igi kòkó tó ti gbó ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, kí ojú ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Á hu ẹ̀ka tuntun láti ìdí. Ẹ má gé gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan o, kí ni ẹ máa jẹ? Ẹ gé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi igi afàrà díẹ̀ sílẹ̀ fún ìbòòji. Ẹ gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sábẹ́ kòkó, kó jẹrà síbẹ̀. Kòkó tó ti dúdú látinú àrùn nìkan ni kí ẹ kó jáde. Tí ẹ bá fẹ́ irúgbìn tuntun, CRIN ní Ìdí-Ayùnrẹ́, n'Íbàdàn, ni kí ẹ lọ.

Lójú tèmi, owó tí wọ́n fi ń kó wa jókòó sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, tí a ń jẹ ráìsì tí a ń wo ògiri, ì bá dáa kí wọ́n fi háyà bọ́ọ̀sì lọ sí igbó. Tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ lọ, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì fọ́rẹ́sítì kí ẹ tó gbéra. Ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe é rìn lójò. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà òjò, ẹ fi àdá sílé, kí ẹ sì sọ fún ará ilé torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí.

Bàbá ti gé ìdá mẹ́ta kòkó wọn tó wà nílé, ó sì ti ń hù. Ti inú igbó ọba, wọn ò fi igi kan kún un mọ́. Wọn ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa já sí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo ti bẹ̀ wọ́n lórí ìkúnlẹ̀.