Gègé àti bébà kò tó fún ọkọ̀ ojú omi

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín tó ní bébà àti gègé ti tó fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi lágbègbè wa kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ouagadougou kò ní òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n èbúté Lomé, Abidjan àti Tema ni ẹrù wa ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ọkọ̀ ogun Vasa ti ilẹ̀ Sweden rì ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1628, kò tíì rìn ju nǹkan bíi 1,300 mítà lọ. Òkè rẹ̀ wúwo jù. Àwọn rúlà tí wọ́n bá nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ dọ́gba: ẹsẹ̀ bàtà Sweden ni ti àwọn kan, ti Amsterdam ni ti àwọn yòókù. Bí gbogbo ohun tí oníbàárà béèrè bá wà nínú àkọsílẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà, tí a so ó mọ́ àwòrán àti ìdánwò rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn kún ọkọ̀ yóò rí ohun tí ìyẹn máa ṣe sí ìwọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó kan pákó kankan.

Ẹlòmíràn á ní kọ̀ǹpútà náà ń ṣìnà. Òótọ́ ni: àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù A380 ní Hamburg àti Toulouse lo ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti CATIA, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán rẹ̀, wáyà kò bára mu, iṣẹ́ sì falẹ̀ gan-an lọ́dún 2006. Àkọsílẹ̀ méjì ló fà á, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ti owó ńkọ́? Àkọsílẹ̀ ni kó ṣáájú, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti àwọn ológun ojú omi ní Èkó ti kan ọkọ̀ NNS Andoni (2012), Karaduwa (2016) àti Oji (2021). Kí ẹ̀kọ́ inú wọn má bàa bá ẹni tó fẹ̀yìn tì relé, mo rọ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kí wọ́n ṣètò àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó náwó lórí ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Òǹkàwé yín,
Ouagadougou