Ẹ Má Fi Àwọ̀ Dí Wa Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ òní yóò dun àwọn kan. Ẹ forí jì wá, àwa olùkọ́ ti pa á mọ́ra fún odidi ọdún kan.

Ó ti di àṣà báyìí ní ilé ẹ̀kọ́, ní báńkì, ní àwọn àjọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́, pé bí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá gbọ́ ara wọn yé, wọn yóò pe ẹnì kan wá láti Kútọnu kí ó wá sọ irú ènìyàn tí oníkálukú jẹ́. Wọ́n ní bí a bá ti mọ irú ara wa, ọ̀rọ̀ yóò máa yé wa, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Àwa ti ṣe é, a sì rí i pé irọ́ ni. Kò la ẹnu ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni ó dí i.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé ọdún tó kọjá ni wọ́n kó wa jọ sí kíláàsì kan, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n pín ìwé ìbéèrè. Ṣé ẹ máa ń yára dáhùn, àbí ẹ máa ń ronú kí ẹ tó dáhùn? Ṣé ariwo máa ń sú yín? A mú èyí tó wù wá, a ṣe ìṣirò, a rí àwọ̀ tiwa. Pupa ni ti ẹni tó fẹ́ràn àṣẹ àti ìkánjú. Yẹ́lò ni ti ẹni tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọ̀ ewé ni ti ẹni pẹ̀lẹ́ tí kò fẹ́ ìjà. Aró ni ti ẹni tó ń ka gbogbo ìlà ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i. Oníkálukú gba káàdì tirẹ̀, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò. Ká má purọ́, ọjọ́ náà dùn. Àwọn kan tí kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀" láti ọdún mẹ́ta jókòó pọ̀ ní ọjọ́ náà.

Ní oṣù kọkànlá, ẹlẹgbẹ́ wa kan, obìnrin tó ń kọ́ ìṣirò, dìde ní ìpàdé. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ìwé ìdánwò fi ń dé ọwọ́ wa ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an? Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ìgbà wo ni a ó tún un ṣe?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Màdáámù, ẹ rọra o, pupa yín ti tún jáde." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì wá bí a ti ń kọ ọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè náà. Ó tún bèèrè ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ní pupa. Kò bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí ìdánwò ìdajì ọdún dé, ìwé ìṣirò kíláàsì kan kò ní ojú ewé kejì. Ọmọ 58 jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó tún ìdánwò náà ṣe, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń wọ ọkọ̀ láti abúlé sì tún san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wo ohun tí àwọ̀ ṣe níbẹ̀. Ìwé ni obìnrin náà béèrè. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ, nítorí kò pariwo rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa, ọdọọdún ni wọ́n ń tún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fún un. Láti ọjọ́ náà, gbogbo iṣẹ́ tí kò ní olúwa di tirẹ̀: ìṣọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kíkó àga, títẹ máàkì ẹlòmíràn sínú kọ̀ǹpútà. "Ẹ fún un, àwọ̀ ewé kì í kọ iṣẹ́." Ọjọ́ kan a pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a bi í bóyá iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò kọ iṣẹ́ nígbà tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò pe òun padà?" Ṣé ẹ gbọ́? Ìwé àdéhùn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni pẹ̀lẹ́. Ẹ gba iṣẹ́ ayérayé lọ́wọ́ ọ̀gá tó jẹ́ pupa, ẹ fún un ní àdéhùn ọlọ́dún kan, kí ẹ wá wò ó bí àwọ̀ ewé kò bá ní hù lára rẹ̀ kí ọdún tó parí.

Níbo tiẹ̀ ni nǹkan yìí ti wá? Carl Jung, oníṣègùn ọkàn ará Súwísì, kọ ìwé kan nípa irú ènìyàn ní 1921. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Katharine Briggs àti Isabel Briggs Myers, mú èrò rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ìwé ìbéèrè tó ń pín ènìyàn sí irú 16. Kò sí èyí tó kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ọkàn nínú àwọn méjèèjì. A kò fi ìyẹn bú wọn, ọ̀pọ̀ ohun rere ni ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ti ṣe láyé. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ni ìwé náà lónìí fúnra rẹ̀ ń sọ pé kò tọ́ kí a fi yan ẹni tí a ó gbà síṣẹ́. Ti onírú mẹ́rin ní tirẹ̀ wá láti inú èrò William Marston, ará Amẹ́ríkà, nínú ìwé tó kọ ní 1928. Marston kan náà ni ó dá Wonder Woman sílẹ̀ ní 1941, obìnrin alágbára inú ìwé àwòrán yẹn. Kò ṣe ìwé ìbéèrè kankan. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sọ èrò rẹ̀ di ọjà lẹ́yìn náà.

Ẹnì kan yóò ní: "Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà sọ nípa mi, òótọ́ ni!" Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan fún yín. Ní 1948, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìdánwò ìwà. Lẹ́yìn náà ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé àbájáde, ó ní kí wọ́n fi máàkì, láti òdo dé 5, sọ bí ó ṣe bá wọn mu tó. Máàkì wọn, bí a bá pín in dọ́gba, lé ní 4. Ìgbà náà ni ó tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé kan ṣoṣo ni òun fún gbogbo wọn, àti pé inú ìwé àwọn awòràwọ̀ tí wọ́n ń tà lójú pópó ni òun ti ṣa àwọn gbólóhùn rẹ̀. "O fẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n o máa ń bá ara rẹ wí." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni kò bá mu?

Àwa olùkọ́ ló tiẹ̀ yẹ kí a kọ́kọ́ fura, nítorí a ti ṣe irú rẹ̀ rí sí ọmọ ọlọ́mọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àwa tí a fi Faransé kọ́ gbọ́ nípa René Le Senne, tí ìwé rẹ̀ nípa ìwà jáde ní 1945, tó pín ènìyàn sí irú mẹ́jọ: nerveux, passionné, amorphe àti àwọn yòókù. Ó dùn mọ́ wa lẹ́nu. A kọ "amorphe" sínú ìwé máàkì ọmọkùnrin kan tó máa ń sùn ní kíláàsì. Ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí a tó mọ̀ pé ó ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí di òru. Oorun ni ó ń pa ọmọ náà. A kò lè pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ mọ́.

Wọ́n á ní ìka ọwọ́ kò dọ́gba. A gbà. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹlòmíràn kò fẹ́ kí a bá òun sọ̀rọ̀ kí ó tó mu kọfí. A mọ ìyẹn kí àwọ̀ tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ kí a bá òun sọ̀rọ̀, kí ó bi í. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn bàbá wa ṣe àáró láti oko dé oko, wọn kò bi ara wọn ní àwọ̀. Oko ta ni, ọjọ́ wo ni, ta ni kò wá: ohun tí wọ́n ní láti mọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ń sọ ọ́ lójú ara wọn. Ẹ̀fẹ̀ ní alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun tí ènìyàn ṣe ni ó ń fi kọrin ní gbangba ọjà. Ẹni tó bá sì ṣe é mọ̀ pé òun ni.

Ìpàdé ìwọlé ọdún yìí kù sí dẹ̀dẹ̀, a sì ti gbọ́ pé ọkùnrin Kútọnu ń bọ̀ padà. Àwa ti kọ tiwa sílẹ̀. Kí ìwé ìdánwò dé ọwọ́ olùkọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kí ìṣọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta máa yí ká, kí a lẹ orúkọ mọ́ ògiri, ti ọ̀gá náà kí ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni bá bi ní ìpàdé, kí a kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé kí a tó dìde. Màdáámù ìṣirò ni a bẹ̀ pé kí ó bá wa kà á. Ó ní òun yóò rò ó wò.